Ojú Òsì, Èjìká Ọ̀tún

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fìdí kalẹ̀, òwú yìí máa gùn. Ọ̀rọ̀ ìbọn ni, àmọ́ kì í ṣe irú èyí tí ẹ ń rí lọ́rùn ọlọ́pàá lójú títì o. Ṣakabùlà ni, ìbọn ọdẹ, èyí tí wọ́n ń ki láti ẹnu. Ti bàbá mi. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju igi ìdí rẹ̀ lọ: bí a ṣe pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tí ojú ọ̀tún Bàbá kú, àti gbogbo ariwo tó tìdí ẹ̀ yọ nílé wa.

Mowe là ń gbé. Kì í ṣe Mowe etí ẹsípírẹ́ẹ̀sì tí ẹ ń gbà kọjá lọ sí Ìbàdàn o, inú lọ́hùn-ún ni, lójú ọ̀nà Ọ̀fàdà. Bàbá ti ń ṣọdẹ níbẹ̀ kí wọ́n tó ṣí ẹsípírẹ́ẹ̀sì ọ̀hún ní 1978. Tí ẹ bá bá a rìn, á máa nàka: "Ibi tí ẹ̀ṣtéètì yẹn wà yẹn, ibẹ̀ ni mo ti pa ìgalà. Ilé epo yẹn, àbàtà ni tẹ́lẹ̀, ọ̀yà ló kún ibẹ̀." Igbó ti tán, ọdẹ ò tán. Ilẹ̀ tí wọ́n ti ń pẹran náà ni wọ́n ń ṣọ́ lóru báyìí fún àwa tá a kọ́lé sí i. Nígbà tí àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní January 2020, tí gbogbo ayé ń pariwo bí ẹni pé ohun tuntun dé, Bàbá kàn rẹ́rìn-ín ni.

Ó wá di ọdún kan, Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìbọn àtafò. Ó ní ẹ̀tù ló tutù. Ó ní kápù ọjà ti di ayédèrú. Bí ọdún kan gbáko ló fi ń pààrọ̀ ẹni tó ń ta ẹ̀tù fún un, kó tó di pé ó ń fi èjìká ọ̀tún kọ lu férémù ilẹ̀kùn, tí Màámi sì fipá mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ ojú wò. Glaucoma ni. Àìsàn yìí kì í pariwo. Bó ṣe máa ń ṣe èèyàn púpọ̀, kì í dùn wọ́n, kì í pọ́n wọn lójú. Ẹ̀gbẹ́ ojú ló ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìríran, á máa wọ àárín lọ díẹ̀díẹ̀, èyí tó bá sì ti jẹ, kò sí iṣẹ́ abẹ tàbí oògùn tó lè dá a padà. Ojú ọ̀tún Bàbá ti lọ. Ti òsì ṣì ń ríran dáadáa, oògùn tí a ń kán sí i lálaalẹ́ la fi ń ṣọ́ ọ. (Ẹ̀yin tí bàbá tàbí ìyá yín bá ní in, ẹ lọ yẹ ojú yín wò. Ó máa ń rìn nínú ẹbí. Mo ti lọ yẹ tèmi.)

Ẹ wò ó, ọdẹ tó ń fi ọ̀tún yìnbọn, ojú ọ̀tún ló fi ń wo ojú irin. Bí ojú yẹn bá kú, ìbọn náà kú nìyẹn. Bàbá ò sọ nǹkan kan. Lálaalẹ́ á sọ ìbọn kalẹ̀ lára ògiri, á fi àkísà àti epo nù ún, á tún fi kọ́. Kò lọ sípàdé ẹgbẹ́ ọdẹ mọ́. Nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan kú, tí wọ́n ń ṣe ìsípà fún un, tí wọ́n sun ìrèmọ̀jé títí ilẹ̀ fi fẹ́ẹ̀ mọ́, Bàbá lọ lọ́wọ́ òfo. Gbogbo àwọn yòókù ń yìnbọn sókè láti fi dágbére. Ó dúró láàárín wọn, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn. Èmi ni mo tẹ̀ lé e lọ lọ́jọ́ náà. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti pinnu pé a gbọ́dọ̀ wá nǹkan ṣe sí ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹnìkan lè ní, kí ló dé tí kò kàn gbé e sí èjìká òsì? Ohun tí èmi náà kọ́kọ́ sọ nìyẹn. Bàbá ní kí n súnmọ́ ìbọn náà, kí n wò ó dáadáa. Òòlù kékeré tó ń lu kápù, apá ọ̀tún irin ló wà. Ibẹ̀ ni iná ti ń jáde, ibẹ̀ ni èérún kápù ti ń fò. Tó o bá ń fi ọ̀tún yìnbọn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ wà lápá òsì igi, iná yẹn á gba ẹ̀gbẹ́ lọ. Tó o bá gbé e sí òsì, o ti gbé ojú rẹ lọ sẹ́yìn iná gan-an nìyẹn. "Àdùkẹ́," ó ní, "ojú kan ṣoṣo ló kù. Ṣé òun ni kí n lọ fi pàdé ẹ̀tù?" Mo dákẹ́.

Kí n sọ díẹ̀ nípa ìbọn yìí fún ẹ̀yin tí ẹ ò sún mọ́ ọn rí. Òyìnbó ń pè é ní Dane gun, nítorí pé àwọn ará Denmark wà lára àwọn tó ń kó o wá tà ní etíkun wa. Accra ni ilé olódi wọn tó tóbi jù wà títí wọ́n fi tà á fún Gẹ̀ẹ́sì ní 1850. Àmọ́ orúkọ lásán ni fún púpọ̀ nínú wọn, torí Birmingham ní Ìlú Gẹ̀ẹ́sì àti Liège ní Bẹ́ljíọ̀mù ni wọ́n ti rọ wọ́n. Nígbà tó yá, àwọn alágbẹ̀dẹ tiwa náà mú un mọ́ iṣẹ́.

Nǹkan tí ọ̀pọ̀ ò sì mọ̀ ni pé ṣakabùlà kì í ti ọwọ́ ẹnìkan ṣoṣo jáde. Ẹnìkan á wá irin gígùn, alágbẹ̀dẹ á rọ ohun tó ń ta iná, ẹlòmíì á gbẹ́ igi, wọ́n á wá tò ó pọ̀. Mo rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń tà á sínú páálí bẹ́ẹ̀: irin lọ́tọ̀, ìṣó lọ́tọ̀, igi tí wọ́n ti gbẹ́ dé ìdajì, ẹni tó rà á á lọ fi fáìlì ha á nílé ara rẹ̀ títí á fi bá èjìká rẹ̀ mu. Wọ́n fi ń ṣe fàájì lópin ọ̀sẹ̀. Ibẹ̀ náà ni mo ti rí ohun tí mo ń wá. Àwọn tó ń ṣe ìbọn ní Lọ́ńdọ́nù ti ń gbẹ́ ìdí ìbọn kan látijọ́ fún àwọn tí ojú ọ̀tún wọn bá fọ́: ìdí rẹ̀ á wà ní èjìká ọ̀tún, ṣùgbọ́n ọrùn igi náà á tẹ̀ lọ sí òsì, tí irin á fi bọ́ sí iwájú ojú òsì. Ọwọ́ ò yí, èjìká ò yí, ojú nìkan ló yí. Iná kápù sì máa ṣẹ́ sí apá ọ̀tún, níwájú ojú tó ti kú. Mo fi àwòrán rẹ̀ han Bàbá lórí fóònù. Ó mú fóònù lọ́wọ́ mi, ó wò ó bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó ní, "Bí erùkọ́."

Ìjà bẹ̀rẹ̀ lórí WhatsApp ẹbí. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Manchester ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan igi yẹn. Ó ní ìbọn Bàbá àgbà ni, igi tí Bàbá àgbà dì mú ni, ogún ni, kí a fi gíláàsì bò ó, kí a gbé e kọ́ sí pálọ̀. Màámi ní tòun, ojú tó kú yẹn, lẹ́tà ni Ọlọ́run fi ránṣẹ́, kí Bàbá kà á kó sì jókòó. Mo gbọ́ ti Màámi yé mi, ẹ̀rù ló ń bà á. Ti ẹ̀gbọ́n mi ló bí mi nínú. Ẹni tó fẹ́ kí wọ́n gbé ìbọn kọ́ sí pálọ̀, pálọ̀ ta ni? Òun ò sí níbẹ̀. Bàbá tó wà níbẹ̀ ni yóò máa wo ohun tí kò lè lò mọ́ láti àárọ̀ dalẹ́. Mo tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ sínú gúrúùpù. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi dá mi lóhùn.

Ibafo la kọ́kọ́ lọ torí ó súnmọ́ wa. Káfíńtà kan wà níbẹ̀ tó ń ṣe àga àti bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ dáadáa. Ó ní òun máa gé pátákó, òun máa fi gọ́ọ̀mù lẹ ọ̀kan mọ́ ìkejì, òun máa fi máṣíìnì gé ibi tó tẹ̀. Náírà 15,000, ọjọ́ mẹ́rin. Bàbá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a jáde. Lójú ọ̀nà ló ti ṣàlàyé fún mi: tó o bá fi ayùn gé ìtẹ̀ sára pátákó tó tọ́, o ti gé iṣan igi náà kúrò nìyẹn, ọrùn á wá ṣẹ́ lọ́jọ́ tí ìbọn bá ta sẹ́yìn gidi. Ìdí nìyẹn tí kò sí àgbẹ̀ tó ń fi pátákó ṣe ọkọ́. Ibi tí ẹ̀ka ti yà lára igi ni wọ́n ti ń gé erùkọ́, kí iṣan igi lè bá ìtẹ̀ náà rìn. Ọgbọ́n yìí ti wà lọ́wọ́ wa kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́ tiẹ̀ ní Lọ́ńdọ́nù.

Ọ̀dọ̀ bàbá kan ní Ifo la wá gbé e lọ, ẹni tí àwọn ọdẹ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe débẹ̀, torí ó ṣe pàtàkì. Ẹ ò lè gbé ìbọn wọ dáńfó kẹ́ ẹ jókòó o. Òfin ìbọn ilẹ̀ wa ti 1959 ya ṣakabùlà sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn ìbọn tó kà léèwọ̀, ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ pọn dandan. Bàbá tú irin kúrò lára igi, ó kó irin lọ sí ọ̀dọ̀ Olúọdẹ. Igi nìkan la fi àpò ìrẹsì wé. Mowe sí Berger, Berger sí Sango, Sango sí Ifo. Ní Sango, obìnrin kan tó jókòó tì mí bi mí bóyá àjẹ̀ ọkọ̀ ojú omi ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tá a padà lọ, ọkọ̀ Olúọdẹ fúnra rẹ̀ ló gbé irin náà, tòun ti ìwé. Bàbá oníṣẹ́ yẹn ò sì dá wa lóhùn títí ó fi ka ìwé náà tán. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá gbé ìbọn wá láìsí ìwé, òun ò rí i, òun ò sì mọ̀ ọ́n.

Ilé ìtajà kọ́ ni o. Abẹ́ páànù kan ni, ẹ̀yìn ilé, àga kan, táyà tí wọ́n fi ṣe ìjókòó, àwọn igi wíwọ́ káàkiri orí àjà. Ó kí Bàbá ní "Àrìnpa o!", Bàbá dáhùn, ojú rẹ̀ yí padà lójú ẹsẹ̀. Mi ò tíì rí i bẹ́ẹ̀ láti bí oṣù mẹ́fà.

Irin ló kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ó tẹ́ ẹ sí oòrùn, ó wo inú rẹ̀, ó fi ìṣó kàn án kó lè gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ní ojúlówó irin ìbọn ni, kì í ṣe páìpù omi. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń rí àwòrán ẹni tí ìbọn bú mọ́ lọ́wọ́, páìpù omi tàbí irin tó ti dípẹtà ló sábà máa ń ṣe é.) Lẹ́yìn náà ló wá mú igi. Awọ ẹran kan wà tí wọ́n wé mọ́ ọn níbi tó sún mọ́ ìdí, a ti ń rí i láti kékeré, a rò pé ọ̀ṣọ́ ni. Ó ní kí Bàbá fún òun láyè, ó fi ọ̀bẹ tú u.

Abẹ́ awọ náà, igi méjì ni! Ẹnìkan ti gé ìdí ìbọn yẹn kúrú rí, ó ti pọ́n àlẹ̀mọ́ mìíràn sí i, ó sì ti dí ihò ìṣó méjì tí wọn ò lò mọ́. Kódà, irú igi méjèèjì ò dọ́gba. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó ní bàbá òun kúrú, gbogbo ẹbí mọ̀, ọwọ́ ọkùnrin gíga kan láti Òwódé ló sì ti ra ìbọn náà. Ó ti gé e kó lè dé ọwọ́ rẹ̀ ni. Igi tí ẹ̀gbọ́n mi ní kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn, ẹni tó ni ín ti kọ́kọ́ fi ayùn gé e! Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù, mi ò kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i.

Bí ó ṣe wọn Bàbá ló wú mi lórí jù. Kò lo téèpù. Ó ní kí Bàbá ká ìgbọ̀nwọ́, ó ti ìdí ìbọn sínú ìká ọwọ́ náà, ó wo ibi tí ìka rẹ̀ dé níbi tí wọ́n ti ń fà á. Gígùn rẹ̀ nìyẹn. Ó wá ní kí Bàbá di ojú rẹ̀ òsì, kó gbé igi kan tí òun ti gé sí èjìká bó ṣe máa ń gbé e látọjọ́ yìí, kó má ronú. "Ó yá, ẹ lajú." Ojú òsì là, ẹnu igi náà sì wà lọ́hùn-ún lápá ọ̀tún. Ó fi ẹfun sàmì sí i. Ẹ̀ẹ̀méje ni wọ́n ṣe é, ó ń sàmì, ó ń gé, ó ń sàmì.

Igi apá ló lò, láti ibi tí gbòǹgbò ti pàdé ìtí. Àwọn onísọ̀míìlì máa ń fi ibẹ̀ sílẹ̀ ni, kò ṣeé là sí pátákó. Tiẹ̀ ti wà lórí àjà ju ọdún mẹ́ta lọ, ó ti gbẹ dénú. Náírà 40,000, oṣù kan àtààbọ̀. Èmi ni mo sanwó. Mo lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan láàárín rẹ̀, mo bá a tó ń mú irin sójú igi. Ó tan àtùpà, ó fi èéfín rẹ̀ kun irin náà dúdú, ó gbé e lé ojú igi, ó gbé e kúrò. Ibi tí dúdú bá kàn, ibẹ̀ ló ga jù, á fi ọ̀bẹ há a díẹ̀. Á tún kùn ún, á tún gbé e lé e. Mo lo wákàtí méjì níbẹ̀, irin náà ò sì tíì wọlé ju ìdajì ìka lọ. Ó ní tí àyè bá wà láàárín irin àti igi, ìbọn á máa fi igi náà gbá ara rẹ̀ títí á fi là. Àdín ló fi pa á parí. Ó pọ́n bí ìlẹ̀kẹ̀.

Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ dùn o. Igi tó tẹ̀ báyẹn kì í ta sẹ́yìn tààrà, ó máa ń fẹ́ yí. Oníṣẹ́ ti sọ fún wa, ìdí nìyẹn tí kò fi tẹ̀ ẹ́ tó ti àwòrán òyìnbó: ó dín in kù, Bàbá á wá fi orí súnmọ́ ọn díẹ̀. Lọ́jọ́ tí a dán an wò lóko, mo ní kò ní yìn ín láìlo gíláàsì ojú, irú èyí tó funfun tí àwọn tó ń fi ẹ̀rọ lọ irin máa ń lò. Ó ráhùn, ó wọ̀ ọ́. A gbé abọ́ tánganran kan sí ìwọ̀n ogún ìṣísẹ̀. Ìbọn àkọ́kọ́ gba òkè abọ́ lọ, ó sì gbá a léjìká débi pé ó wú fún ọjọ́ méjì. Ó dín ẹ̀tù kù. Ẹ̀ẹ̀kejì, abọ́ fò. Kò sọ̀rọ̀. Ó lọ mú abọ́ náà wá, ó ń ka ihò ara rẹ̀.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Olúọdẹ ni kò jẹ́ kó parí. Ó yẹ ìbọn náà wò níwájú ẹgbẹ́, ó yìn ín, ó wá kọjú sí Bàbá: "Ìbọn rẹ ti ríran. Ìwọ ńkọ́?" Gbogbo ilé dákẹ́. Òótọ́ ló sọ. Igi lè gbé irin wá síwájú ojú tó kù, kò lè fún èèyàn ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Ẹni tó bá ti ọ̀tún bọ̀ lóru, Bàbá ò ní rí i. Ẹni tí kò sì rí ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó fẹ́ yìn sí, ọmọ ọlọ́mọ ló máa pa. Ohun tí Màámi ti ń sọ látọjọ́ yìí nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè lẹ́tà ló fi sọ ọ́.

Wọ́n jíròrò rẹ̀ títí. Ohun tí wọ́n fẹnu kò sí ni pé Bàbá á máa wá ṣọ́ òru lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹnu ọ̀nà ẹ̀ṣtéètì nìkan, níbi tí iná wà, kò ní wọ ìgboro. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú wọn, ọlọ́kadà ni lọ́sàn-án, á máa dúró sí ọ̀tún rẹ̀ nígbà gbogbo. Bí ìyẹn ò bá wá, Bàbá á padà sílé. Tí ó bá di ìsípà, ó lè yìnbọn sókè bó ṣe wù ú. Màámi ní kí wọ́n tún un sọ lójú òun, kí òun gbọ́. Olúọdẹ wá sílé wa, ó tún un sọ.

Báyìí, ọmọkùnrin yẹn ti mọ bí wọ́n ṣe ń ki ìbọn, ó sì ti ń kọ́ ìjálá, ohùn rẹ̀ ò dùn rárá. Bàbá ní yóò dùn. Nílé, gbogbo wa ti mọ̀ pé òsì là ń gbà súnmọ́ Bàbá tí a bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, àti pé aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni oògùn ojú, kó tó jáde.

Ìdí ìbọn àtijọ́ ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n fi ránṣẹ́ sí òun ní Manchester, tòun ti awọ tí wọ́n tú kúrò lára rẹ̀. Àwọn tó ń báni kó ẹrù lọ òkè òkun wò ó, wọ́n bi mí kí ni, mo ní igi ni. Wọ́n ní igi kí ni. Mo gbé e padà wálé. Ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá mi báyìí, ẹ̀gbọ́n mi ní òun máa wá gbé e fúnra òun tí òun bá dé ní December.